Wíìlì Mẹ́ta Tí Mo Yọ Lára Ẹ̀rọ Bàbá Mi

Bàbá mi ò ríran mọ́ nígbà tí mo tú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí bí mo bá fi í sí ìsàlẹ̀ ìwé, yóò dà bíi pé mo fẹ́ fi í pamọ́.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Madina, nílẹ̀ Gà, ni ẹ̀rọ náà wà, lábẹ́ páànù. Mílìn ni à ń pè é. Ó ga ju èèyàn lọ díẹ̀, irin ni látòkè délẹ̀. Ọ̀bẹ rẹ̀ rí róbótó bí ìdérí ìkòkò kékeré, ó ní eyín yíká, ojú kan ló sì ti ń yí. Tábìlì abẹ́ rẹ̀ ló ń gbé irin lọ bá a kí ó gé e. Wíìlì mẹ́ta ló ń darí tábìlì náà: ọ̀kan ń gbé e lọ sọ́tùn-ún àti sósì, ọ̀kan ń gbé e síwájú àti sẹ́yìn, ọ̀kan ń gbé e sókè àti sísàlẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló ń yí wọn. Bàbá mi ti ń yí wọn kí wọ́n tó bí mi.

Gíà ni iṣẹ́ tó ń wọlé jù. Àwọn oníbúrẹ́dì ní ẹ̀rọ onírin méjì tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, eyín gíà rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kán. Bó bá ti kán, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ bá Alata ní Madina. Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbí. Bàbá mi kì í bínú sí i. Ó ní orúkọ tó bá ti ń gbé iṣẹ́ wá, orúkọ rere ni.

Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ẹ̀gbẹ́. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé inú páìpù ló ti ń wo ayé, páìpù náà sì ń kéré sí i títí ó fi dí. Dókítà ní a ti pẹ́ jù. Gbogbo wa rò pé iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó sinmi oṣù kan péré, ó fọwọ́ tọ ògiri lọ sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ó tan ẹ̀rọ, ó sì ń gé gíà bó ṣe ń gé e tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Ó fi fáìlì ha àmì mẹ́rin sí etí wíìlì kọ̀ọ̀kan, kí ìka rẹ̀ lè mọ ibi tó dé. Ó fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ kọ́ ọwọ́ òsì. Bí wíìlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, á fa ọmọ tẹ̀sùbáà kan. Bó bá pé iye tó ń fẹ́, á dúró. Ètè rẹ̀ á máa mì bó ṣe ń kà á. Alfa tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, kì í kí i nígbà yẹn. Á dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó rò pé àsíkìrì ló ń ṣe. Bàbá mi á ní, "Alfa, ẹ máa wọlé. Irin ni mò ń kà." Alfa á ní bó bá ṣe pé òun ni, òun á fi í sílẹ̀ pé àsíkìrì ni.

Èmi náà mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í dúró. Mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí n tó parí JHS, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo sì wà láti ìgbà náà. Ojú mi mọ́ kedere. Síbẹ̀, bí mo bá gé gíà, bàbá mi á gbà á, á fi àtàǹpàkò tọ́ eyín rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan yíká, á sì sọ èyí tí kò dára fún mi. Kì í pariwo. Á kàn dá a padà.

Lọ́jọ́ kan, ìyá oníbúrẹ́dì kan jókòó tì wá. Obìnrin Gà ni, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi dá gíà rẹ̀ padà fún mi lẹ́ẹ̀mejì níṣojú rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bọ́ sídìí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó gé e tán. Obìnrin náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Papa Alata," ó ní, "ṣé kí a yọ ojú ọmọ yìí fún yín ni? Òun ò kúkú lò ó."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi lọ, kò sì jáde.

Nígbà tí mo wá ṣe ohun tí mo ṣe, gbogbo ẹni tó bi mí ni mo sọ fún pé ojú bàbá mi ló fà á, pé ẹ̀rù ń bà mí kí ọ̀bẹ má lọ gé e níka. Òótọ́ ni, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ohun tí ẹni tí kò ríran ń ṣe ni èmi tí mo ríran ò lè ṣe, mo sì ń wá ẹ̀rọ tí kò ní béèrè ọwọ́ lọ́wọ́ mi.

Orí fóònù ni mo ti rí i. Àwọn òyìnbó kan, ní ẹ̀yìn ilé tiwọn, ń yọ wíìlì kúrò lára mílìn àtijọ́, wọ́n ń fi mọ́tò iná kékeré sí ipò rẹ̀, wọ́n á wá so gbogbo rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Èèyàn á tẹ iye tó fẹ́, tábìlì á sì gbéra fúnra rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n rán an. Mo wò ó títí mo fi há a sórí bí ọmọ kéwú ṣe ń há súrà.

Mo lọ bá bàbá mi lẹ́yìn ìrun àsárì.

"Bàbá, ẹ ò ní yí nǹkan kan mọ́. Ẹ máa kàn jókòó ni."

"Tí mi ò bá yí nǹkan kan, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti débẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà á mọ̀."

"Èmi ńkọ́? Báwo ni èmi á ṣe mọ̀?"

Mo ní á máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu, bí fóònù ṣe ń sọ aago tó lù. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é rí. Mo kàn sọ ọ́ ni.

"Ó dáa," ó ní. "Ìwọ lo ríran."

Bí mo ṣe rí àṣẹ gbà nìyẹn.

Mo yọ wíìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé wọn lọ sí Odawna lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kó irin àlòkù, mo fi wọ́n pààrọ̀ pèlébé alumíníọ̀mù tó nípọn tí mo fẹ́ gbé mọ́tò lé. Mi ò sọ ìyẹn nílé. Orí ọ̀pá tí wíìlì máa ń wọ̀, mo fi ayùn irin gé e kúrò, torí bó bá gùn bẹ́ẹ̀, mọ́tò ò ní lè sún mọ́ ọn. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń gé e.

"Kí lò ń gé?"

"Irin kan tó gùn jù ni, Bàbá."

Ó ní kí n rọra, kí n má gé ara mi.

Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni mo rí ní ọjà Circle, ó máa ń kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Iná lọ lọ́jọ́ kan, ó dé pẹ̀lú agbára, ó jó ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀dù iná tó ń rán mọ́tò níṣẹ́, a sì ń retí òmíràn títí. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí gíà tó jáde nílé wa. Ìyá mi nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ilé pẹ̀lú kókó, ẹ̀kọ mímu tó ń tà ní àárọ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn máa ń bi mí pé, "Ṣé ó kù díẹ̀?" Mo sì máa ń ní ó kù díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí tábìlì kọ́kọ́ gbéra fúnra rẹ̀, àwọn ará ilé wá wò ó. Alfa wá. Wọ́n ní ọmọ Alata ti ń lo àǹjọ̀nnú. Inú mi dùn gan-an. Bàbá mi wọlé, ó na ọwọ́ ọ̀tún síbi tó máa ń nà á sí, kò bá nǹkan kan. Ó wá a sókè, ó wá a sísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bá ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ó gbóná, ó sì yára fà á sẹ́yìn.

"Ibo ni kí n dì mú?" ó ní.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní láti di nǹkan kan mú mọ́." Ó mi orí, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, bí àlejò.

Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́wàá nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì dé. Gíà rẹ̀ ti kán eyín mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ààwẹ̀ ni gbogbo Zongo, àdúgbò àwa Mùsùlùmí, máa ń ra búrẹ́dì fún ìṣínu, ó sì ní ẹni kan ní Lapaz ti gé gíà fún òun rí tí kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Bàbá mi nìkan ló fọkàn tán.

"Papa, ẹ má dá mi dúró."

"Mi ò ní dá yín dúró," ni bàbá mi wí. Ó kọ ojú sí apá ibi tó rò pé mo wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo bi í ní iye ọmọ tẹ̀sùbáà tó máa ń fà fún irú gíà bẹ́ẹ̀, iye fún lílọ, iye fún ìjìnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láìṣìnà, mo sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo di irin tuntun mọ́ tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀. Eyín àkọ́kọ́ dára. Nígbà tí tábìlì ń padà bọ̀ láti ibi eyín kejì, tí ọ̀bẹ ṣì wà nínú irin, tábìlì fò síwájú lójijì bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Ohun kan dún bí àwo tó bọ́ sílẹ̀. Ọ̀bẹ ti fọ́ sí mẹ́ta.

Ọ̀bẹ yẹn nìkan la ní ní ìwọ̀n yẹn. Ọ̀gá bàbá mi ló gbé e lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gba òmìnira iṣẹ́.

Bàbá mi ti dìde. "Ọ̀bẹ ni àbí irin?"

"Ọ̀bẹ ni."

"Ṣé o kọ́kọ́ fà á padà?"

"Kí n fa kí ni padà?"

Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi jẹ́jẹ́. Síkúrù tó wà nínú ẹ̀rọ náà ti jẹ nítorí ọjọ́ ogbó. Bí èèyàn bá yí i lọ tó sì fẹ́ yí i bọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ yí lásán ná kí tábìlì tó gbọ́. Ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń yí wíìlì kọjá díẹ̀, tí òun á fà á padà títí á fi gbá mú, kí òun tó jẹ́ kí ọ̀bẹ kan irin. Òun kì í sì í jẹ́ kí ọ̀bẹ wà nínú irin nígbà tí tábìlì bá ń bọ̀. Ìyí tí wọ́n ń fà padà yẹn, òun kì í fa ọmọ tẹ̀sùbáà fún un.

"Kò sí nínú iye," ó ní. "Ọwọ́ ló ń ṣe é. Mo rò pé ò ń wò mí."

Mo ti wò ó fún ọdún mẹ́jọ. Tẹ̀sùbáà ni mò ń wò.

"Kó wíìlì mi wá," ó ní. "Kí o tún wọn so. A máa wá ọ̀bẹ. Màá fọwọ́ gé e."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní wọ́n wà lọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Lapaz, pé màá lọ gbé wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Odawna. Mo rí ọkùnrin onírin náà níbi tó ti ń jẹ wáàkyé. Mo ṣàpèjúwe wíìlì náà fún un, mo ní àmì mẹ́rin wà létí wọn.

"Tìgbà wo ni?" ó ní. "Ti oṣù tó kọjá? Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti wọ iná. Ó lè jẹ́ wọ́n ti di ìkòkò. Ó lè jẹ́ inú wọn ni mo ti ń jẹun yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ìkà nínú ẹ̀rín rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n wo inú òkìtì rẹ̀. Ó ní kí n wò ó. Mo tú òkìtì náà títí oòrùn fi wà lórí mi gangan, mo ń tú u bí ẹni tó ń wá ọmọ. Mo rí wíìlì kan tó jọ ọ́, inú mi sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn kí n tó rántí pé bí mo tiẹ̀ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti fi ọwọ́ ara mi gé orí ọ̀pá tí wọn ì bá wọ̀. Kò sí wíìlì kankan láyé tó lè wọ ibẹ̀ mọ́. Mo jókòó sórí òkìtì irin yẹn. Mo rò ó pé kí n má padà sílé. Kì í ṣe àsọdùn. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Kumasi wà nítòsí, mo sì dúró síbi tí wọ́n ti ń pe èrò.

Ohun tó dá mi padà ni pé mo rántí pé bàbá mi máa jókòó dè mí. Kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Á kàn jókòó dè mí.

Mo bá a lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Wẹ́dà náà ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kò sí wẹ́dà kankan. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Odawna, alumíníọ̀mù, ọ̀pá tí mo gé, àti pé kọ̀ǹpútà náà ò lè bá a sọ̀rọ̀, n kò sì mọ ẹni tó lè mú kí ó sọ̀rọ̀. Ìyá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" ni bàbá mi bi mí.

"Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ó fi ọwọ́ nu ojú bíi pé òógùn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fà mí lọ sídìí ẹ̀rọ."

Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti lọ, kò tíì sí ẹni tó fà á lọ sẹ́yìnkùlé rí. Òun ló máa ń dá lọ. Ó di apá mi mú, apá tirẹ̀ sì fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ṣe é. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé tábìlì, ó gbé èkejì lé ara ẹ̀rọ. Èmi wà nídìí kọ̀ǹpútà, mò ń rán mọ́tò ní ìṣísẹ̀ kékeré kékeré lọ àti bọ̀. Bí tábìlì bá ti gbọ́, bàbá mi á ní, "Ó gbọ́." Èmi á sì kọ iye ìṣísẹ̀ tó ti lọ lásán kí ó tó gbọ́. Kọ̀ǹpútà náà ní àyè kan tí wọ́n ti ń kọ irú rẹ̀ sí. Mo ti rí àyè náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo kọ òdo síbẹ̀ nítorí pé mi ò mọ ohun tó wà fún, ojú sì ń tì mí láti béèrè. Ohun tí bàbá mi mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wọ inú àyè kékeré yẹn. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ló le jù. A mú èyí tó tóbi jù nínú èéfọ́ rẹ̀, a fẹ́ sọ ọ́ di eyín kan ṣoṣo tó lè gé. Èmi ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta, bàbá mi ń tì í bọ àárín eyín méjì tó ṣì dára lára gíà àtijọ́, ó ń fi èékánná wò ó.

"Ó sanra lápá òsì."

Màá lọ̀ ọ́.

"O ti gbà á jù. Padà sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ apá kejì."

Kò sọ̀rọ̀ mìíràn. Kò bú mi. Ìbá sàn fún mi kí ó bú mi. Ìyá oníbúrẹ́dì ń wá lójoojúmọ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wo èmi àti bàbá mi, kò sì bá mi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ìyẹn náà dẹ́rù bà mí.

Ààwẹ̀ ku ọ̀la nígbà tí a gé gíà náà. Mo tẹ bọ́tìnì, mo di ojú. Tábìlì lọ, ó sọ̀kalẹ̀, ó padà bọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ láìfara kàn án, ó gòkè, ó lọ. Bàbá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, orí rẹ̀ dà sí apá kan, ó ń gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, mo gbé gíà náà lé e lọ́wọ́ bó ṣe gbóná. Ó fi àtàǹpàkò tọ eyín rẹ̀ yíká pátápátá, ó tún padà yí i ká.

"Ó dára," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ dọ́gba."

Ìyá oníbúrẹ́dì gbà á lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé búrẹ́dì wá fún ìṣínu wa, ó kí mi kí ó tó kí bàbá mi. Ó pè mí ní máásítà. Ó wá kọjú sí bàbá mi, ó fi ìfẹ́ sọ ọ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni: "Papa, ẹ sinmi wàyí. Ọmọ yín ti gbà á lọ́wọ́ yín."

Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti gbà á."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò wá sẹ́yìnkùlé. Mo rò pé ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ tán, a ṣe ọdún, kò wá. Mo ní kí n wá ọ̀pá tuntun, kí n ṣe wíìlì tuntun, kí ẹ̀rọ náà lè ní ọ̀nà méjì. Ó ní kí n má da iṣẹ́ tó ń lọ dáadáa rú.

Iṣẹ́ ń wọlé dáadáa. Mi ò ní parọ́ nípa ìyẹn. Bàbá mi ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà iwájú báyìí, ó ń bá Alfa sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Bí mo bá gé gíà, mo máa ń gbé e lọ bá a kí n tó jẹ́ kí oníṣẹ́ gbà á. Mo ń bi í ní ohun tí mo ti mọ̀. Ó ń dá mi lóhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi eyín kan sílẹ̀ láìgé e dé ìdí. Kò fara sin. Ọmọ ọwọ́ á mọ̀ ọ́n bó bá fọwọ́ kàn án. Mo gbé gíà náà lé e lórí itan. Ó fi àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó tọ́ eyín mélòó kan wò, ó kọjá lórí èyí tí kò dára, kò dúró. Kò tíì yí i dé ìdajì tó fi gbé e padà sí mi.

"Ó dára," ó ní.

Mo dúró díẹ̀ bóyá á tún sọ nǹkan. Ó ti yíjú sí Alfa. Mo gbé gíà náà padà sẹ́yìnkùlé, mo tún un gé.